Kí Wọ́n Tó Lé Ni

Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi tí mo kọ ní 2001. Láti ìgbà náà, ọjọ́ àti orúkọ ọ̀gá nìkan ni mo ń pààrọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti lò ó. Akápò ni mí, iléèwé aládàáni ni mo sì ti ṣiṣẹ́ jù, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, kí n tó padà wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò síbi tí wọ́n ti lé mi rí, mo sì fi èyí yangàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ọ̀gá bá ti fi imú dá mi lóhùn láàárọ̀, tàbí tí wọ́n bá pe ìpàdé tí wọn ò sọ ohun tó dá lé, màá padà sídìí tábìlì mi, màá ṣí lẹ́tà yẹn, màá pààrọ̀ ọjọ́. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ife tíì mi ti wà nínú báàgì.

Ti ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló le jù. Ìpàdé tí wọ́n pè tí wọn ò sọ ohun tó dá lé, owó oṣù mi ni wọ́n fẹ́ fi kún. Ọ̀gá obìnrin yẹn mú lẹ́tà tèmi dání lọ́wọ́ ọ̀tún, tiwọn wà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Kí la fi ṣe ẹ́?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Síbẹ̀ mo lọ.

Màmá mi ní ẹ̀mí alárìnkiri ni. Àǹtí mi àgbà ní ọwọ́ ayé ni, pé kí n yéé sọ fáwọn èèyàn ibi tí mò ń ṣiṣẹ́. Pásítọ̀ wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú mi. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ààwẹ̀ yẹn tilẹ̀ dùn mọ́ mi, torí ẹnì kan jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́ta láìkánjú. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn gbà: ẹni tó ń lé mi wà níta.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi nípa màmá kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, lókè òkun, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì wálé. Wọ́n ń gba èèyàn díẹ̀ ní yàrá kan lẹ́yìn ilé wọn, lápá ọ̀nà Ìlọrin. Mo ní, "Ṣé orí mi ló dàrú ni?" Ó ní orí mi ò dàrú, ìdí mi ni kì í gbé ibì kan. A rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú téèyàn ti í sá pamọ́, nítorí náà mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà nígbà tó bá ku ilé mẹ́ta, màá ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra káàdì fóònù, lẹ́yìn náà màá yà.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ti yẹ, torí wọ́n á tó màmá mi. Wọ́n ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ jókòó." *Ẹ*. Fún èmi! Ó bí mi nínú díẹ̀, mi ò sì mọ ìdí. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ràn rẹ á pè ọ́ ní *ìwọ*, á ní "ọmọ mi, kí ló dé?" Ó ṣe mí bíi pé wọ́n ti fi mí sí ẹnu ọ̀nà. Oṣù mélòó kan kọjá kí n tó lè sọ ọ́ jáde, ìgbà tí mo sì sọ ọ́, wọn ò yí i padà. Wọ́n kàn béèrè pé, "Nínú ilé ta ni wọ́n ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà?" Mo rò pé ẹni tó ń fi èdè òyìnbó ṣe iṣẹ́ yìí ń pàdánù ohun kan. Tiwa, gbólóhùn àkọ́kọ́ téèyàn bá sọ ló ti máa pinnu bóyá àlejò ni yín síra yín tàbí ọmọ ilé.

Wọn ò fún mi nímọ̀ràn. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Tí o bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ tọ àgbà lọ nílẹ̀ yìí, o ò ní kúrò níbẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn mẹ́ta, ìtàn kan, àti àdúrà. Tiwọn ni pé kí n máa sọ ohunkóhun tó bá ti wá sí mi lọ́kàn, ì báà jẹ́ òmùgọ̀ ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ohun ìtìjú, ì báà má bá èyí tí mo ti ń sọ tẹ́lẹ̀ mu. Ìṣẹ́jú 50, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin. Tí ìṣẹ́jú 50 bá pé, a dìde, ì báà jẹ́ àárín gbólóhùn ni mo wà. Lóṣù àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà ni mò ń rojọ́ délé pé mo ń sanwó kí n lè máa bá ara mi sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tòní. Ní Vienna, nílẹ̀ Austria, láti 1880 sí 1882, dókítà kan tó ń jẹ́ Josef Breuer ń tọ́jú ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ ń rọ lápá kan, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí dókítà ò sì rí àrùn kankan lára rẹ̀. Bertha Pappenheim lorúkọ rẹ̀, Anna O. ni wọ́n pè é nínú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí wọ́n jọ ń ṣe lórúkọ, ó ní ìwòsàn ọ̀rọ̀ sísọ ni. Nígbà tó bá fẹ́ ṣàwàdà, á ní àwọn ń gbá èéfín kúrò nínú ihò ààrò. Sigmund Freud, dókítà mìíràn ní Vienna, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Breuer, ó sọ ọ́ di odidi ìmọ̀ kan nípa ohun tó fara pamọ́ sínú ọkàn, psychoanalysis. Ìtọ́jú tí mo gbà, psychodynamic therapy, jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀: a ò dùbúlẹ̀ sórí àga gbọọrọ bí àwọn aláìsàn Freud, a kì í sì í ríra lójoojúmọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn Bertha ni èyí tí wọn kì í sábà sọ. Ara rẹ̀ ò yá bọ̀rọ̀. Ó tún gbé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí Breuer fi í sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló tó wá di obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin ní Jámánì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé téèyàn bá ti sọ ọ́ jáde, ó tán, ẹ máa wò ó níran.

Èmi náà rò pé ó tán. Níjokòó kejì ni mo ti sọ ìtàn bàbá mi.

Wọn ò bí bàbá mi sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tamale ni wọ́n bí wọn sí, ní àríwá Gánà, níbi tí bàbá tiwọn ti ń ta wosiwosi látìgbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Góòlù Kóòsì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ti dàgbà díẹ̀ mọ irú ilé tí mò ń sọ, torí agbo ilé tí kò rẹ́ni lọ sí Tamale, Kumasi tàbí Accra nígbà yẹn ò pọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá níwèé ìgbélùú wá a láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n ti fẹ́yàwó síbẹ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àlejò làwọn. Ọmọ ọdún 22 ni bàbá mi. Ọjà wà lórí àtẹ, àwọn oníbàárà jẹ wọ́n lówó, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n "padà" sí ìlú tí wọn ò gbé rí.

Wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n sì ń sọ ọ́ sí gbogbo nǹkan, sí òjò, sí lánlọ́ọ̀dù, sí ìlà epo bẹntiróòlù: "Ẹni tó bá jókòó dè wọ́n ni wọ́n ń lé." Àpótí onípáánù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí ọmọdé kì í fọwọ́ kàn. Nígbà tí wọ́n kú ní 2011, èmi àti àbúrò mi ṣí i. A bá bùbá àti ṣòkòtò méjì tí wọ́n ká dáadáa, ọṣẹ kan nínú bébà, ìwé owó orí tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àti tọ́ọ̀ṣì kan. Àbúrò mi tẹ tọ́ọ̀ṣì yẹn. Ó tàn! Bátìrì inú rẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ọdún 42 ni bàbá wa fi ń yọ́ pààrọ̀ bátìrì nínú àpótí tí gbogbo wa rò pé ohun àtijọ́ ló kún inú rẹ̀.

Freud sọ pé àsìkò kì í kọjá nínú apá ọkàn tí a ò mọ̀. Mi ò nílò kí n ka ìwé kankan kí èyí tó yé mi. Mo ti rí tọ́ọ̀ṣì.

Mo sọ ìtàn yìí fún Màmá Dókítà (bí mo ṣe ń pè wọ́n nìyẹn), mo sì sọ ọ́ dáadáa. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín níbi ti bátìrì. Mo ní, "Ẹ ò rí i, mà, ara bàbá mi ni mo ti rí i." Wọ́n mi orí. Mo retí kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Oṣù tó tẹ̀lé e, mo ti ń wá iṣẹ́ mìíràn. Mo mọ orísun ọ̀rọ̀, mo lè yà á sójú bébà fún ẹ, kò sì mú ohunkóhun yí padà.

Ìdí nìyí tí àpilẹ̀kọ kékeré kan tí Freud kọ ní 1914 fi wọ̀ mí lára nígbà tí mo kà á níkẹyìn. Ohun tó ń sọ níbẹ̀ ni pé ohun téèyàn ti rì mọ́lẹ̀ nínú ara rẹ̀, kì í rántí rẹ̀, ṣíṣe ló ń ṣe é, kò sì ní mọ̀ pé òun tún ń ṣe é. Ẹni tó ń ta ko òbí rẹ̀ ní kékeré kò ní wá sọ fún dókítà pé, "Mo jẹ́ olórí kunkun." Dókítà gan-an ló máa ṣe olórí kunkun sí. Nítorí náà, ìtàn tí mo ń rò lẹ́nu kọ́ ni Màmá Dókítà ń dúró dè. Wọ́n ń wo ohun tí mò ń ṣe sí wọn bí mo ṣe ń rò ó.

Kí ni mò ń ṣe sí wọn? Lákọ̀ọ́kọ́, mángòrò. Ìlú mángòrò ni ìlú wa, lóṣù kẹrin ó máa ń pọ̀ débi pé ewúrẹ́ gan-an á kọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá pẹ́ dé, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e mo máa ń gbé mángòrò wá nínú láílọ́ọ̀nù. Wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúpẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì wọ́n gbé e sórí tábìlì láàrin wa, wọ́n ní, "Ká ní mángòrò yìí lẹ́nu, kí ló máa sọ?" Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ya aláìmoore. Ṣé èèyàn ò gbọ́dọ̀ fún àgbà lẹ́bùn mọ́ ni? Ṣùgbọ́n mo wò ó títí, mo ní, "Á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lé e.'" Ẹnu mi ló ti jáde, ó sì yà mí lẹ́nu. Láílọ́ọ̀nù náà wà láàrin wa títí ìṣẹ́jú 50 fi pé, ó ń rùn dídùn.

Lẹ́yìn náà ni ìrìnàjò wọn. Lóṣù kẹjọ tí a ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú pé àwọn fẹ́ lọ wo ọmọ àwọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n lọ ire kí wọ́n bọ̀ ire. Mo tilẹ̀ gbàdúrà fún bàálù wọn. Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn, ara mi yá. Mò ń sùn dáadáa, ọ̀gá mi níṣẹ́ ò bí mi nínú mọ́. Mo gbé fóònù mo kọ ọ́ pé: "Ẹ kúuṣẹ́ o, mà. Ara mi ti balẹ̀ báyìí, mo rò pé a lè dá a dúró níbí. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere." Ẹ wo bó ṣe mọ́ tónítóní. Lẹ́tà 2001 ni. Ọjọ́ àti orúkọ ọ̀gá ni mo pààrọ̀.

Èsì wọn dé lálẹ́: "Mo ti rí iṣẹ́ tí ẹ rán. Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́rin, àkókò yín ni. Màá wà níbẹ̀."

Wọn ò bẹ̀ mí, wọn ò sì bínú. Lọ́jọ́bọ̀, mo ń fọ ìkòkò tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́rin lù, mo ṣì ń fọ̀ ọ́. Ní mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú mo sá jáde, mo gun ọ̀kadà, mi ò rántí sọ̀ kalẹ̀ nílé kẹta. Ẹnu géètì ló já mi sí. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀, wọ́n jókòó sí àga wọn, wọn ò mú ìwé dání, wọn ò mú fóònù dání.

Mo jókòó. Ó tó ìṣẹ́jú méjì tẹ́nikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

"Nínú èmi àtẹ̀yin, ta ló ń lọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ wá kọ́kọ́ dágbére."

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé ara mi yá lóòótọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Ẹni tó bá jókòó dè wọ́n ni wọ́n ń lé." Bí bàbá mi ṣe máa ń fa *dè* yẹn gùn ni mo ṣe fà á. Ara mi gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí mò ń rò ó bí ìtàn, ara mi ò gbọ̀n.

Màmá Dókítà wá sọ ohun kan tí mi ò retí kí dókítà sọ. Wọ́n ní, "Látìgbà tí iṣẹ́ yín ti dé, mo ń wádìí ara mi wò, pé kí ni mo fi ṣe yín. Mo ń wá ẹ̀ṣẹ̀ mi kiri. Mo wá rántí ọ̀gá yín tó mú lẹ́tà méjì dání." Nígbà tó yá ni mo kà á pé ara iṣẹ́ wọn nìyẹn: ohun tí aláìsàn bá mú dókítà rò nínú ara rẹ̀, dókítà kì í jù ú nù, kì í sì í fi gbẹ̀san. Á gbé e yẹ̀ wò, torí ó lè jẹ́ pé ohun tí gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ẹni náà ń rò nìyẹn. Ọdún 20 ni mo fi ń fi àwọn èèyàn sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó lè dúró sọ fún mi bó ti rí lọ́wọ́ tiwọn. Mo ti lọ. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Tí o bá sì ń sá káàkiri, ta ló máa bá ọ wo tìrẹ?

Lọ́jọ́ yẹn ni mo rántí búrẹ́dì. Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí o, mi ò kàn mọ̀ pé ó kàn mí. Oṣù kìíní 1983, ọmọ ọdún méje ni mí, ìjọba Shagari náà ní kí àwọn ará Gánà tí kò níwèé jáde. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni wọ́n fún wọn. Ìgbà yẹn ni báàgì alápótí-àpótí yẹn gba orúkọ Ghana Must Go. Ará Gánà ni tíṣà mi. Lọ́jọ́ Ajé kan, àga wọn ṣófo. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn bàbá mi mú mi lọ́wọ́ lọ sí Sábó, lọ́rì kan dúró, èèyàn kún un fọ́fọ́. Wọ́n ra búrẹ́dì mẹ́rin, wọ́n nà án sókè sí àwọn tó wà lórí lọ́rì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sọ nǹkan kan. Mò ń wá ojú tíṣà mi láàrin wọn. Mi ò rí wọn. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ọwọ́ bàbá mi gbóná lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń rìn yára bí ẹni tí lọ́rì yẹn máa gbé òun náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé búrẹ́dì yẹn ni kọ́kọ́rọ́, pé mo rántí rẹ̀ tán, mo sunkún, mo dìde, mo di ẹni tuntun. Nínú fíìmù nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi rìnrìn àjò, mo bínú sí wọn lójoojúmọ́. Wọ́n dé, mo pẹ́ dé ní ìjókòó àkọ́kọ́. Ọdún méjì ààbọ̀ la lò, a sì tún ṣe ohun kan náà bóyá ní ìgbà ogún, kékeré, ńlá, nígbà tí wọ́n fi owó kún owó ìjókòó, nígbà tí ọ̀fìnkìn mú wọn tí wọn ò lè wá. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára yé mi. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo bá ti sá ni màá tó mọ̀. Nígbà tó yá, mò ń mọ̀ níbi tí mo ti ń pààrọ̀ ọjọ́ lórí lẹ́tà.

Àbúrò mi ọkùnrin ní nǹkan òyìnbó ni. Mo ní kó lọ bi àwọn ará Abẹ́òkúta léèrè nípa Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn Aro ká ní 1954, tó sì jẹ́ kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá òun ṣiṣẹ́. Kì í ṣe irú ìtọ́jú tèmi ni Lambo ṣe, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ nílẹ̀ yìí pé àárín èèyàn ni ara èèyàn ti ń yá. Ohun tó tọ́ kí wọ́n bá mi jiyàn lé lórí ni pé ó ń gba owó, ó ń gba àsìkò, àwọn tó sì ń ṣe é ò pọ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn, tàbí tó ń ronú àtipa ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ gbà lọ. Ní 2010, Jonathan Shedler, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kó ìwádìí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, ó ní àwọn tó gba irú ìtọ́jú yìí ṣì ń sunwọ̀n sí i lẹ́yìn tó ti parí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá a jiyàn gidi. Èmi ò lè dájọ́ láàrin wọn. Mo kàn mọ̀ pé ibi tí mo wà báyìí, mo ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, èyí tí mi ò ṣe rí.

Freud alára, wọ́n lé e. Ní oṣù kẹfà 1938, nígbà tí àwọn Nasi ti gba Vienna, ó kó jáde lọ sí London lẹ́ni ọdún 82, àga gbọọrọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kú. Mo máa ń ronú bàbá mi àti òun, bí wọ́n ì bá ṣe jókòó láìbára wọn sọ̀rọ̀.

Mo ní kí káfíńtà kan bá mi ṣe wọ́dúróòbù. Látìgbà tí mo ti kúrò nílé bàbá mi, inú báàgì ni aṣọ mi ń gbé. Káfíńtà wọn ògiri, ó fi pẹ́ńsùlù há etí, ó ní, "Màdáámù, ṣé kí n kàn án níṣòó ni, àbí kí n fi nọ́ọ̀tì dè é, kó ṣeé tú bí ẹ bá fẹ́ kó lọ?"

Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ débi pé ó tún béèrè.

Mo ní kó fi nọ́ọ̀tì dè é. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá Dókítà lọ́jọ́bọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ẹ̀rín wọn nìyẹn, wọ́n ní mélòó ni nọ́ọ̀tì náà. Mo padà sílé lọ kà á. Mẹ́rìndínlógún ni. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, mi ò tíì tú ọ̀kan nínú wọn.